Òpó Ààlà Mọ́kànlá Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Hú

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó ti jáde ilé ìwé, kò sì tíì mọ iṣẹ́ tó máa kọ́. Ó ní, "Tonton, ẹ sọ ti iṣẹ́ yín fún mi." Mo jókòó, mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀, ìgbà tí mo máa wo ojú ọmọ, ó ti sùn lọ sórí àga. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí oorun bá ń kùn lè pa á dé, kó sun tiẹ̀, kó tún padà wá. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ò tíì ṣubú o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mò ń wò, ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Awọnlẹ̀ ni mí. Treichville ní Abidjan ni wọ́n bí mi sí, Èjìgbò ni bàbá mi ti wá. Ìyá mi ń ta aṣọ nínú ọjà ńlá Treichville, èmi ni mo máa ń bá a wọn aṣọ fún oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ra mítà mẹ́fà. Ó gba aṣọ náà, ó yọ tẹ́ẹ̀pù lápò, ó tún un wọ̀n lójú wa. Ìyá mi ti ń múra ìjà. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, gbogbo ọjà yìí ni wọ́n ti ń fa aṣọ kó lè gùn lójú ẹni tó ń rà á. Ọmọ yín ò fà á. Ẹ fún mi ní ọmọ yìí, kí n kọ́ ọ níṣẹ́." Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Ó tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ọ̀gá Fàbíyí ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, Yorùbá ilẹ̀ Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ó kàwé Faransé dójú àmì, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi ń bú wa, torí ó ní èébú Faransé kì í wọni lára. Inú igbó ni iṣẹ́ wa, ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún, síbẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í dọ̀tí. Títí di òní mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn ju ṣéènì lọ. Okùn irin pẹlẹbẹ ni, ó gùn tó àádọ́ta mítà, òun la fi ń wọn ilẹ̀ nígbà náà. Láràárọ̀, àgbàlá ọ́fíìsì kan náà ni mò ń wọ̀n, láti èèkàn dé èèkàn. Bí iye tí mo kà lónìí bá yàtọ̀ sí ti àná, kò sí oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tó yá, mo gbọ́n. Mo há iye náà sórí. Màá kàn na ṣéènì, màá ké iye àná, màá lọ jẹun. Ọ̀gá mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó dé ṣáájú mi, ó sún èèkàn kan kúrò níbi tó wà, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Mo na ṣéènì, mo ké iye àná sókè ketekete. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Làmídì, ẹnu lo fi ń wọn ilẹ̀." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbé ṣéènì náà kọ́ ọrùn lọ sílé, tí mo tún gbé e kọ́ ọrùn bọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń bi mí pé ọkọ wo ló fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn fẹ́ mi.

Òfin rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ka iye gbọ́dọ̀ ké e síta, ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ké e padà kó tó kọ ọ́. Ẹ ó máa gbọ́ wa láti inú igbó: "Vingt-deux, quatorze." "Vingt-deux, quatorze." Ṣùgbọ́n òfin tó fi ṣáájú gbogbo òfin ni èyí: bí a bá dé orí ilẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ kankan. A máa wá ẹni tó dàgbà jù tó mọ ilẹ̀ náà, òun á máa lọ níwájú, àwa á máa tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfìfo. Ibi tó bá dúró, a dúró. Ibi tó bá sunkún, a yíjú sápá kan. Ìgbà tó bá rìn ín tán la tó lọ gbé àdá àti ṣéènì. Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i.

Èmi ti rú òfin yìí rí nígbà ọmọdé. Ilẹ̀ oníṣòwò obì kan la lọ wọ̀n ní Anyama. Mo yọ àdá mi nílẹ̀ kí baba onílẹ̀ tó jáde. Ọ̀gá kàn nawọ́ sí gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń lọ Adjamé, ó ní kí n wọ̀ ọ́. Mo padà sílé láàárọ̀, èmi pẹ̀lú àdá mi, láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ obì. Ìyá mi rò pé wọ́n ti lé mi níṣẹ́, ó ti ń sunkún kí n tó ṣàlàyé.

Ọdún ń yí lu ọdún, irinṣẹ́ ń yípadà. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń yọjú wo inú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń fi iná tí ojú ò rí wọn ọ̀nà jíjìn dé, a sì ká ṣéènì sápá kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ sátẹ́láìtì dé, tó jẹ́ pé o kàn máa gbé e dúró bí ọ̀pá, á bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀, á sì sọ ibi tí o dúró sí fún ọ. Bí mo bá sọ pé inú mi kò dùn sí i, irọ́ ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo gbé e wọ yàrá mi lọ láti mọ ibi tí ibùsùn mi wà láyé. Ìyàwó mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́.

Láti òpin ọdún 1999 tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ni ìlú ti ń mì, iṣẹ́ ń wá, iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀gá ti darúgbó nígbà náà, ó ti lọ jókòó sílé rẹ̀ ní Bingerville. Èmi ni olórí àwọn tó ń jáde lọ sóko iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ṣì ní ìwé àṣẹ, òun ló ń fọwọ́ sí gbogbo plan tí a bá yà. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ mú kálámù dé, ní bí ọdún 2008.

Ilẹ̀ kan wà létí ọ̀sà, ní ìhà ọ̀nà Bingerville. Mi ò ní dárúkọ abúlé tó ni ín. Ẹ̀yà Ébrié ni wọ́n. Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn ṣọ́jà ti gba ilẹ̀ náà fún ìdánrawò ìbọn, wọ́n ní kí àwọn ará abúlé kó ẹrù wọn sódìkejì ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà láti ìgbà náà, tí wọ́n ń gbọ́ ìbọn lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Wàyí o, àwọn ṣọ́jà ti lọ, ìjọba sì fẹ́ dá ilẹ̀ padà. Àdéhùn náà kò le: gbogbo ilẹ̀ abúlé àtijọ́ máa padà sọ́wọ́ abúlé, èyí tó bá kù á di ti gbogbo ará ìlú, pẹ̀lú ilé ìwé àti pápá ìṣeré àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Iṣẹ́ tiwa ni ká wá ibi tí abúlé àtijọ́ parí sí. Ilé kankan kò sí níbẹ̀ mọ́, igbó ti bo gbogbo rẹ̀.

Àwọn ṣọ́jà ti kó àlòkù ọta kúrò kí a tó dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà wá. Lọ́jọ́ kejì, àdá Bakary, ọ̀rẹ́ mi àti igbá kejì mi, dún gbàn lára irin. Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń kí ọba. A ránṣẹ́ pe ọ̀gá ṣọ́jà kan, ó dé, ó fi ọ̀pá tú ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì gbé ìkòkò kan jáde, ìkòkò tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi ń se ìrẹsì nígbà kan. Ó ní, "Ẹ ṣọ́ra, ìrẹsì yẹn pa èèyàn ju ọta lọ."

Ẹni tó yẹ kó rìn níwájú wa ni Mémé Djoman. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ náà, òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó gbé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ní ká dúró di Mọ́ńdè. Èmi kò dúró. Mo ní ẹ̀rọ tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ìyá arúgbó ṣe? Ohun tó tún kì mí láyà ni pé, bí a ṣe la igbó, mo rí pèrègún, kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀wọ́ kan tó tò gbọnrangandan láti apá kan ilẹ̀ náà dé apá kejì. Inú mi dùn dé ọ̀run. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ mú mi lọ sóko rẹ̀ ní Èjìgbò, pèrègún ló fi hàn mí. Ó ní, "Èyí ni ààlà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá fà á tu ń wá ìjà ọgọ́rùn-ún ọdún." Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé pèrègún ni ààlà oko? Mo sọ fún Bakary pé iṣẹ́ ti parí, àwọn bàbá wọn ti bá wa wọ̀n ọ́n. A to òpó sìmẹ́ńtì mọ́kànlá, èyí tí à ń pè ní bọ́ọ̀nù, tẹ̀ lé pèrègún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo gbé plan lọ fún Ọ̀gá. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ta ló rìn ín?"

Mo ní, "A rìn ín, Ọ̀gá."

Ẹsẹ̀ wa rìn ín lóòótọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo irú òótọ́ yẹn. Ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Fúráìdè ni wọ́n dá fún ìfọwọ́sí ìwé. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdè, àwọn ará abúlé wá wo òpó wọn, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọba náà wà níbẹ̀. Mémé Djoman wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ìyá kúkúrú kan báyìí, ojú rẹ̀ ń dán bí ọmọdé tó ń lọ sọ́dún. Ó kọjá lára òpó mi, kò wò ó. Ibi pèrègún ló lọ. Ó fọwọ́ kan àkọ́kọ́, ó pe orúkọ kan. Ó fọwọ́ kan ìkejì, ó pe òmíràn. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó dì mọ́ ọn, ó ní, "Ìyá mi nìyí."

Mo ti mọ̀ kó tó yíjú sí mi.

Ó ní, "Mon petit, ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ààlà nìyí?"

Mo ní, "Mémé, ní ilẹ̀ wa, pèrègún ni ààlà."

Ó ní, "Ní ti wa níbí, orí òkú là ń gbìn ín sí. Wọ́n sùn báyìí, wọ́n kọ ẹsẹ̀ sí ọ̀sà." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí òdìkejì òpó mi, ibi tí ìgbọ́kọ̀sí máa wà nínú plan. "O fi orí ìyá mi sílẹ̀ fún mi, o kó ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìjọba."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wọn pariwo pé, "Anango ló wá gé ilẹ̀ wa tà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Abidjan lọ́dún wọ̀nyẹn mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè di iná. Treichville ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ àjèjì ni mí lójú rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mémé gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ní, "Ó ṣìnà ni, kò jalè. Dákẹ́ kó rí ọ̀nà padà."

Mo bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Ó ní plan tó bá ti wọlé, ẹni tó fọwọ́ sí i nìkan ló lè fà á padà, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bakary fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Vieux père, la machine a menti, c'est tout. Sọ pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe." Akọ̀wé gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, kò burú, ẹ̀rọ á lọ fún àyẹ̀wò, ìfọwọ́sí á wáyé ní Fúráìdè bó ṣe wà. "Le reste, on va arranger après." Ìyẹn ni pé àwọn á tún èyí tó kù ṣe tó bá yá. Mo ti bá ọ́fíìsì ṣiṣẹ́ pẹ́. Après yẹn lè jẹ́ ogún ọdún, ọ̀dà á sì ti wà lórí ẹsẹ̀ ìyá Mémé. Ó kù sọ́wọ́ mi: kí n di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, kí orúkọ mi mọ́, tàbí kí n lọ sọ òótọ́ fún ẹni tí mo purọ́ fún. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Mo wọ tákísí lọ Bingerville lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀gá jókòó sábẹ́ igi, ó ń bó ẹ̀pà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú irun funfun lórí, mi ò sì dìde.

Ó ní, "Ta ló rìn ín?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rìn ín, Ọ̀gá. Mo rí pèrègún, mo rò pé Èjìgbò ni mo wà."

Ó bó ẹ̀pà bí márùn-ún sí i. Ó ní, "Ilẹ̀ àwọn ará ibí lo lọ wọ̀n, bàbá rẹ lo lọ bi léèrè." Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ìwé wá. Ó kọ ọ́ pé àṣìṣe náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ, ti èèyàn ni. Mo ní kó jẹ́ kí orúkọ mi dá wà níbẹ̀. Ó ní, "Dákẹ́. Èmi náà ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ó kọ orúkọ tiẹ̀ ṣáájú tèmi. Ogójì ọdún ni orúkọ yẹn ti ń jáde láìní àbàwọ́n, mo sì sunkún bó ṣe ń kọ ọ́. Kò yíjú sápá kan. Ó ní kí n nu ojú mi, kí omi má kán sórí ìwé.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní, "Olórí ẹgbẹ́ kọ́ ni ọ́ mọ́ lórí iṣẹ́ yìí. Bakary ni. Ìwọ á padà sídìí ṣéènì."

Wọ́n sún ìfọwọ́sí síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a débẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀gá nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Kí a tó ṣe ohunkóhun, mo mú irin ìwalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú òpó mi. Sìmẹ́ńtì tí mo fúnra mi pò dáadáa, ó ti gan. Àwọn ará abúlé jókòó, wọ́n ń wò mí. Mémé ń kà á. Bí mo bá sinmi, á ní, "Mon petit, ìyẹn di mẹ́ta. Ǹjẹ́ ìwọ kọ́ lo to mọ́kànlá?" Lórí ìkarùn-ún, ọ̀dọ́mọkùnrin tó pè mí ní Anango dìde, ó mú irin kejì, ó dúró sódìkejì òpó. Kò tọrọ àforíjì, èmi náà ò béèrè. A jọ hú òun àti mẹ́fà tó kù.

Lẹ́yìn náà ni Mémé rìn, tí a tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfìfo. Ó mú wa sọ̀kalẹ̀ kọjá pèrègún, ó ń lọ, ó ń lọ, títí a fi dé odò kékeré kan tí ewé ti bò. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ìyá wọn ti ń fọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àtìẹkẹ́, oúnjẹ wọn, ibẹ̀ ni abúlé parí sí. Bakary gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, òpó tuntun sì lọ síbẹ̀.

Ó ku àwọn sàréè. Ọ̀gá fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú plan, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún kọ́ nǹkan sórí wọn láéláé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti tẹ́jú, kò sí òkìtì tó fi bí wọ́n ṣe gùn tó hàn. Ọ̀gá bi Mémé pé báwo ni wọ́n ṣe gùn tó. Mémé rò ó díẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dùbúlẹ̀ sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún kẹrin, ó gbé orí sí ìdí igi, ó kọ ẹsẹ̀ sí ọ̀sà. Ó ní, "Wọ̀n mí. Kò sí ẹni tó ga jù mí lọ níbẹ̀, ìdílé kúkúrú ni wá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, òun náà ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀, ikùn rẹ̀ ń mì. Mo kúnlẹ̀, mo na ṣéènì láti orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò fà á. Mo ké iye náà. Ọ̀gá ké e padà, ó kọ ọ́.

Mémé ní, "Ṣé ẹsẹ̀ mi wà nínú ilẹ̀ wa báyìí?"

Mo ní, "Gbogbo yín pátá ló wà nínú rẹ̀, Mémé."

Ó ní ká fún òun níṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ó pẹ́ tí òun ti fẹ́ sùn síbẹ̀. A dúró dè é.

Mo ṣe ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn kí n tó fẹ̀yìn tì ní 2011. Wọ́n fún mi ní ìwé ìyìn, mi ò mọ ibi tó wà. Ìwé kan ṣoṣo ni mo fi sínú férémù kọ́ sí yàrá mi, ẹ̀dà ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ orúkọ Mémé Djoman síbẹ̀ pé òun ló fi ààlà hàn, àmì àtàńpàkò rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ Bakary gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́. Orúkọ tèmi ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: Làmídì, ẹni tó di ṣéènì mú.